Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Mú? Ìdíje Àṣekágbá, Ètò Ìyàn àti Ìwé Àdéhùn Agbábọ́ọ̀lù

Àwọn tó pè mí wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́: bí ìdíje ṣe ń parí, bí ẹgbẹ́ ṣe ń rí ọmọ tuntun mú, àti bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń dúnàádúrà lórí owó rẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá ni kí n fi sọ ọ́. Ìyẹn dùn mọ́ mi, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó ń gbé àwọn ọmọ wa ṣubú ló wà nínú ìwé tí ìyá ọmọ kò rí ẹni kà á fún kó tó tẹ̀ka sí i.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ mẹ́fà péjọ sí pápá Mobolaji Johnson ní Onikan, nílùú Èkó, láti mọ ẹni tí yóò gba ife líìgì Nàìjíríà. Super Six ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti pín ogún ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mẹ́ta mẹ́ta ló sì yọ. Ní ọ̀nà kan, Bendel Insurance, Remo Stars àti Enyimba. Ní ọ̀nà kejì, Rivers United, Lobi Stars àti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ níbí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá, ó parí. Enyimba àti Remo Stars ní àmì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, iye góòlù ló yà wọ́n, Enyimba ló sì gbé ife àti mílíọ̀nù 100 náírà lọ sí Aba. Ọwọ́ tiwa kò tó o, àmọ́ a wà níbẹ̀.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, nígbà tí sáà 2024/2025 parí, Sunshine Stars kan náà wà lára àwọn mẹ́rin tó já kúrò ní líìgì àgbà, àwọn pẹ̀lú Akwa United, Heartland àti Lobi Stars. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ló gba ife lọ́dún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbà á, mílíọ̀nù 200 náírà sì ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Ẹni tó bá gbẹ̀yìn nílẹ̀ wa, já ni yóò já. Bí ẹgbẹ́ bá sì ti já, àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá níbẹ̀ á kó àpò wọn, oníṣòwò tó fẹ́ kọ orúkọ sára aṣọ wọn á yí ojú padà, ìjọba tó ń bọ́ wọn á sì rí àwíjàre láti dín owó kù. Aláìlera ni ìyà ń jẹ, ìyà náà á sì tún mú un rù sí i.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Họ́kì orí yìnyín, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri, ni eré tí àwọn ará Kánádà ń sùn tí wọ́n ń jí mọ́. Ẹgbẹ́ 32 ló wà ní líìgì wọn, NHL. Bí sáà bá parí, 16 á wọ ìpele komẹsẹ̀-ó-yọ. Ẹgbẹ́ méjì á máa kojú ara wọn títí ọ̀kan yóò fi borí lẹ́ẹ̀mẹrin, ìpele mẹ́rin nirú ìjà bẹ́ẹ̀ sì ń wáyé, torí náà ẹni tó bá máa gbé Stanley Cup gbọ́dọ̀ borí nígbà 16. Nǹkan bí oṣù méjì ló ń gbà. Ó sú ẹlòmíì, kò sú mi, nítorí ẹgbẹ́ tó bá kù sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn kò ní í ṣe pé orí ló bá a ṣe é. Super Six tiwa ní 2023 dùn ún wò, ó sì pa owó, àmọ́ ọ̀sán burúkú kan ṣoṣo lè fọ́ iṣẹ́ oṣù mélòó kan.

Àwọn 16 tí kò yọ ńkọ́? Wọn kì í já sí ibì kankan, nítorí líìgì náà kò ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń já sí. Ẹ̀bùn ló ń dúró dè wọ́n. Lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ á jókòó láti pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó gbá họ́kì àgbà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, nígbà méje yípo. Ètò ìyàn yìí ni wọ́n ń pè ní dráfítì. Ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ́dún tó kọjá ni yóò mú gbẹ̀yìn, àwọn tí nǹkan kò dára fún ni yóò sì wà níwájú. Kò sì já sí pé ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá ló ń mú ṣáájú lọ́ranyàn. Gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Bí òfin ṣe rí lónìí, ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ní àǹfààní 25.5 nínú 100 láti rí ipò kìn-ín-ní, ìyókù dọwọ́ gègé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ kàn wá gan-an. Ní 1984, nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, owó ẹyọ ni wọ́n máa ń jù sókè láàárín àwọn tó ni ipò ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ní ẹ̀ka méjèèjì líìgì náà láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Houston Rockets borí Portland lọ́dún náà, wọ́n sì mú ọmọ Èkó kan tó ga gogoro, Hakeem Olajuwon. Ẹni kẹta tí wọ́n mú lọ́jọ́ yẹn ni Michael Jordan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí Olajuwon ṣe níyì tó lójú wọn. Ọdún kejì tẹ̀léra nìyẹn tí Houston ń mú ṣáájú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹgbẹ́ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù kí wọ́n lè gbẹ̀yìn. Ní 1985, líìgì náà sọ ọ́ di gègé. Àwọn onígègé kò lè gba Olajuwon padà lọ́wọ́ Houston: ní 1994 àti 1995, ó gbé ife fún wọn.

Họ́kì náà ti yan ọmọ tí wọ́n bí nítòsí wa. Akim Aliu, Okene ni wọ́n ti bí i ní 1989. Ẹni tó bá ti gba Ìkàrẹ́ Àkókó kọjá mọ̀ pé Okene kò jìnnà. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ukraine ni ìyá rẹ̀, Ukraine ni ó ti kọ́kọ́ dàgbà kí wọ́n tó kó lọ sí Toronto. Ní 2007, Chicago Blackhawks mú un ní ipò 56. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje péré ló gbá ní NHL, fún Calgary. Ohun tó mú kí ayé mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe góòlù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ó sọ ọ́ síta pé kóòṣì kan, Bill Peters, bú òun nítorí àwọ̀ òun nígbà tí òun wà ní ẹgbẹ́ kékeré ti Chicago. Láàárín ọjọ́ mélòó kan Peters kọ̀wé fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Calgary. Mo mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá nítorí ohun kan: nínú ètò dráfítì, ẹgbẹ́ ló ń yan ọmọ, ọmọ kì í yan ẹgbẹ́. Bí ọ̀gá burúkú bá wà níbi tí wọ́n mú ọ lọ, ibẹ̀ náà lo máa wà.

Ṣé ọmọ kò wá lè kọ̀ ni? Ó lè kọ̀, tó bá lágbára. Ní 1991, Eric Lindros ni gbogbo Kánádà ń wárí fún. Quebec ló gbẹ̀yìn, Quebec ló mú un ṣáájú. Lindros ní òun kò ní í bá wọn ṣe. Odidi ọdún kan gbáko, kò fọwọ́ síwèé wọn. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 1992, Quebec gbà láti tà á, ó sì yani lẹ́nu pé wọ́n tà á fún ẹgbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Philadelphia àti New York Rangers. Adájọ́ ìlàjà kan ni wọ́n pè. Ó gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, ó sì fún Philadelphia. Mílíọ̀nù 15 dọ́là àti ọ̀wọ́ eléré ni Quebec gbà, Peter Forsberg wà lára wọn. Ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Colorado ní 1995, wọ́n sì gbé Stanley Cup ní 1996. Ẹ má gbàgbé ìtàn ẹlẹ́gbẹ́ méjì yìí, a óò ráyè fi í wéra.

Iye tí wọ́n ń san náà ní ààlà. Ní sáà 2004/2005, àwọn tó ni ẹgbẹ́ NHL ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré wọn nítorí ọ̀rọ̀ owó, odidi sáà bá a lọ, kò sẹ́ni tó gba ife. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní í ná ju iye kan lọ lórí owó eléré: mílíọ̀nù 39 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ní sáà 2025/2026 ó ti di mílíọ̀nù 95.5. Ọmọ tuntun tó wọlé ní ọdún 18, ọdún mẹ́ta ni ìwé rẹ̀ máa ń jẹ́, òkè owó rẹ̀ sì ní ibi tó mọ. Kò dára tó fún ọmọ tó dáńgájíá. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ mọ iye tí yóò wọlé ní ìparí oṣù, ó sì ń wọlé.

Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, bí wọ́n bá mú ọ ní ìyípo kìn-ín-ní, ipò tí wọ́n ti mú ọ gan-an ló ń sọ iye owó rẹ àkọ́kọ́. Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe rọrùn fún wọn, ipò 15 ni Milwaukee ti mú un ní 2013. Ẹgbẹ́ 14 ló ti wo ojú rẹ̀ tí wọ́n kọjá lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ó fọwọ́ sí ìwé ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 228 dọ́là, ní ọdún tó tẹ̀lé e ó gba àmì 50 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi gba ife. Charles bàbá rẹ̀, tó fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ sí Athens, ti kú ní 2017, kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sílé.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó ń jókòó pín ọmọ. Ẹni tó lówó ló ń mú ṣáájú, ìlú tó tọ́ ọmọ ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin ará Oǹdó mọ kòkó ju èmi lọ, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí fún àgbẹ̀ tí kò ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: ẹni tó wá rà á ló ń wọ̀n ọ́n, òun náà ló ń sọ pé kò gbẹ tó. Bọ́ọ̀lù wa nìyẹn. Àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n wà lórí pápá eléruku ní Ìjọ̀mù, ní Aráromi, ní Yaba Oǹdó. Ẹnì kan á ti Èkó wá lọ́jọ́ Sátidé kan, á mú mẹ́ta lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n ti ọwọ́ tani mú wọn.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní irúgbìn. Godfrey Oboabona, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí i, Sunshine Stars ló ti di ọkùnrin. Ó wà lẹ́yìn gbágbáágbá nínú ẹgbẹ́ Sunshine Stars tó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní ìdíje Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní 2012, tí wọ́n gbá 3–3 pẹ̀lú Al Ahly ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Al Ahly sì fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn ní Cairo. Ní oṣù kejì ọdún 2013 ó wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà ti kóòṣì Stephen Keshi tó gba ife Áfíríkà ní South Africa, lọ́dún náà ló sì lọ sí Rizespor ní Tọ́kì. Ẹ kíyè sí i pé Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gba àlejò Al Ahly. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tóbi jù nínú ìtàn bọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, àwọn ìyá olóúnjẹ ìlú mìíràn ló rí owó rẹ̀.

Victor Boniface náà ńkọ́? Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí ní oṣù kejìlá ọdún 2000. Ẹ jẹ́ ká dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo òfin tó yẹ kí òbí mọ̀ sínú ìgbé ayé ọ̀dọ́mọkùnrin kan.

Oṣù kẹta ọdún 2019 ni ó dé Bodø/Glimt ní Norway. Ẹ ka oṣù: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 ni. Òfin FIFA kò gbà kí wọ́n mú ọmọ tí kò tíì pé 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àyàfi nítorí àwọn ìdí díẹ̀ kan, àwọn ìdí náà kì í sì í sábà kan ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa mú ọmọ ọdún 15 lọ bá ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù, tó sì ń gba owó físà lọ́wọ́ yín, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Orúnkún ọmọ yìí bàjẹ́ ní Norway, ó tún bàjẹ́. Ó dìde. Ó lọ sí Union Saint-Gilloise ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 2022, ó sì wà lára àwọn tó jẹ góòlù jù ní Europa League sáà yẹn. Ní oṣù keje ọdún 2023, Bayer Leverkusen rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 20 owó yúrò. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, Leverkusen gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 nínú líìgì Jámánì láìpàdánù ọ̀kan, wọ́n gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Góòlù 14 ni Boniface jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò tíì tán, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà, kí wọ́n pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún tó pé 12 títí di ọdún tó pé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15, ìdá 0.25 nínú 100 owó náà. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 16 sí 23, ìdá 0.5. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí mílíọ̀nù 20 yúrò. Akadẹ́mì kan ní Oǹdó tó ní ọmọ lọ́wọ́ ní ọdún 16 nìkan, ẹgbẹ̀rún 100 yúrò. Akadẹ́mì tó ní in láti 12 títí ó fi parí ọdún 17, ẹgbẹ̀rún 400. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ta ọmọ yẹn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n á tún pín in.

Ẹgbẹ̀rún 100 yúrò á tún pápá kan ṣe, á ra bọ́ọ̀lù, á sì san owó kóòṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àdúgbò yìí.

Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ ló máa ń fúnra rẹ̀ lépa owó yìí, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ó wà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti ní ilé iṣẹ́ kan ní Paris tó ń pín in. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣí lọ, wọ́n á wo ìwé ìrìnnà bọ́ọ̀lù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á wo àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, wọ́n á fi pín owó. Ẹgbẹ́ tí kò fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù kò sí nínú ìwé yẹn. Kóòṣì tó jí ní àárọ̀ kùtù fún ọdún mẹ́fà, tó ra bàtà, tó lọ bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ló fi ṣe é, lójú Paris kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo wá sọ lónìí gan-an nìyí: ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti kan ètò ìyàn ni ìforúkọsílẹ̀. Amẹ́ríkà fún aláìlera láǹfààní láti kọ́kọ́ mú. FIFA kò fún wa nírú ìyẹn, ohun tó fún wa ni pé ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọmọ kò ní í lọ lọ́wọ́ òfo, bí ìwé bá wà.

Mo tún padà sórí Boniface, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ wa bí ìdúnàádúrà ṣe máa ń rí ní ti gidi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, gbogbo ìwé ìròyìn ló ní Al-Nassr ti Saudi Arabia ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Ó kù díẹ̀ kó wọ bàálù. Al-Nassr ṣàdédé yí padà, wọ́n lọ mú Jhon Durán ní Aston Villa. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, AC Milan fẹ́ yá a, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Werder Bremen ló wá yá a. Òfin FIFA sọ pé ìwé àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ dúró lórí pé bóyá dókítà yóò fọwọ́ sí i tàbí kò ní í fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi ń yẹ ara wò kí wọ́n tó bu ọwọ́ lùwé. Ẹni tó bá gbé ìwé wá fún ọmọ yín tó ní kó fọwọ́ sí i lónìí, tó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé yóò di òfo bí dókítà bá kọ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ara ọmọ wò.

Mo ní a óò fi ìtàn Lindros wéra. Sunday Mba ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fi borí Burkina Faso nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013. Kí ariwo ife náà tó rọlẹ̀, ẹgbẹ́ méjì ti ń fà á mọ́ra wọn. Warri Wolves ní àwọn ló ni ín, pé ṣe ni àwọn yá a fún Enugu Rangers. Rangers ní tàwọn ni. Àwọn ará ìta ń dámọ̀ràn iye tí wọ́n lè tà á, ẹgbẹ́ méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tó fi máa dé ilẹ̀ Faransé, ìgbóná rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ní Kánádà, adájọ́ ìlàjà gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, ó dájọ́. Níbí, ìwé gan-an ni kò sẹ́ni tó lè nà sókè kí gbogbo ayé gbà.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù báyìí, mo mọ̀ pé ó ń ta àwọn kan létí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni Sunshine Stars, àwọn ló sì ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, Sunshine Queens. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ìwé ìròyìn ti gbé e pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ìpínlẹ̀ wa nìkan. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ẹ kò lè bá ọmọ tí kò tíì gba owó oṣù mẹ́ta sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú kó wọ̀ ọ́ létí. Àwọn kan á ní ìjọba kò yẹ kó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n á tọ́ka sí Remo Stars, tí Kunle Soname fi owó ara rẹ̀ gbé ró. Èmi kò rò pé ta ló ni ín ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Gómìnà tó bá fọwọ́ sí ìwé ọmọ ènìyàn jẹ́ agbanisíṣẹ́ bíi ti oníṣòwò, òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.

Òfin náà kò sì fara sin. Láti 2018, FIFA ti kọ ọ́ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì láìnídìí, kí agbábọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ 15. Bí wọn kò bá san án láàárín ọjọ́ yẹn, ó lè fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kò dá ẹ̀ṣẹ̀ àdéhùn, ó sì lè gba owó rẹ̀. Lẹ́tà ojú ìwé kan ni. Ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹni tó gbà á ní ọ́fíìsì fọwọ́ sí i pé òun gbà á, kó kọ ọjọ́ sí i. Gbogbo ìwọ́de tí mo ti rí nínú ìwé ìròyìn, lẹ́tà yìí ni mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà nínú wọn.

Àwọn ejẹ́ǹtì wà láàárín wa níbí, mo kí yín. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àmọ́ ẹni tí kò ní alágbàtà náà máa ń tà ní ọ̀pọ̀. Láti 2023, ìwé àṣẹ FIFA ni ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní, ìdánwò ni wọ́n sì ń ṣe kí wọ́n tó fún un. Kí òbí bèèrè rẹ̀ kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá ní in á fi hàn yín tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe é, ọmọ mi náà ni" lè jẹ́ ènìyàn rere, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé gbogbo ohun tó bá rí gbà títí ayé, òun ni ó ni ìdajì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mọ́. Òfin sì ní ààlà: ìwé àdéhùn ọmọ tí kò tíì pé 18 kò lè ju ọdún mẹ́ta lọ, ti àgbà kò lè ju márùn-ún lọ, yàtọ̀ sí ibi tí òfin orílẹ̀-èdè bá ti gbà jù bẹ́ẹ̀. Ìwé ọdún mẹ́wàá tí mo rí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16 kan, nínú Yaba Oǹdó kọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má wojú ẹnìkejì rẹ̀, èmi kò mọ ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé kò kà á fún bàbá ọmọ.

Ẹnì kan bi mí kí a tó wọlé pé ṣé kò yẹ kí Nàìjíríà dá dráfítì sílẹ̀ ni, kí Sunshine Stars tó já lè kọ́kọ́ mú ọmọ. Mi ò fẹ́ ẹ. Dráfítì máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí líìgì bá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí ọmọ kò ní ibòmíràn lọ, tí owó sì ń wọlé ní ìparí oṣù. Ọmọ Àkúrẹ́ ní ilẹ̀kùn ọgọ́rùn-ún, láti Bodø títí dé Bremen. Bí a bá gbé ìwé lé e lọ́wọ́ pé Àkúrẹ́ nìkan ló lè dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀, tí Àkúrẹ́ kò sì sanwó, ẹrú la sọ ọ́ dà. Ohun tí mo bá gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni ìgboyà láti kọ òfin sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí àtiyọ àti àtijá, owó àti ọjọ́, má di ohun tí wọ́n ń yí padà ní àárín sáà. Èyí tó kù, àwọn kóòṣì tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gidi, kì í ṣe ọjọ́ ìbí bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tó dé, kí wọ́n kó o lọ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Àkókò tó kù, ẹ jẹ́ ká fi ka ìwé. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ mú ìwé àdéhùn ọmọ yín wá, ẹ kó wọn síwájú. Ojú ìwé tí wọ́n kọ iye ọdún sí la ó ti bẹ̀rẹ̀.